Orin Tuntun fún Ẹgbẹ́ Onífèrè: Níbo ni Ìmísí Rẹ̀ ti ń Wá?

Bí wọ́n bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ orin tirẹ̀ fún àwọn ohun èlò àfẹnufọn, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí á ṣí orin máàṣì àwọn sójà sílẹ̀, kí á máa wò ó kọ. Nígbà tí a bá parí, orin náà á dún dáadáa, àṣìṣe lè má sí nínú rẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ kò ní mọ̀ bóyá Èkìtì ni a ti kọ ọ́ tàbí Lọ́ńdọ̀nù. Ìbéèrè tí olùkọ́ sì máa ń bi wá lẹ́yìn náà kì í rọrùn láti dáhùn: kí ló mú ọ kọ èyí?

Ẹ̀kọ́ yìí dá lórí ìbéèrè náà. A ó wo ohun tí ọ̀kẹ́sítírà onífèrè jẹ́, a ó wo ọmọ Nàìjíríà kan tó kọ orin fún un ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, a ó wo ibi tí àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè ti rí tiwọn mú, lẹ́yìn náà a ó padà sílé, sí Ìgèdè-Èkìtì níbí, láti wo ohun tó wà nílẹ̀ tí a kò tíì fi ọwọ́ kàn.

1. Kí ni ọ̀kẹ́sítírà onífèrè?

Ọ̀kẹ́sítírà tí gbogbo ayé mọ̀ jù ní fayolíìnì àti àwọn ẹbí rẹ̀ olókùn gẹ́gẹ́ bí ọ̀pá ìdúró. Ọ̀kẹ́sítírà onífèrè kò ní wọn. Àwọn tí a ń fi ẹnu fọn ló kún inú rẹ̀: flute, oboe, clarinet, bassoon àti saxophone ní apá kan; trumpet, horn, trombone àti tuba ní apá kejì; ìlù àti agogo lóríṣiríṣi sì wà lẹ́yìn wọn. Ó lè tó àádọ́ta ènìyàn, ó sì lè má ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.

Nǹkan mẹ́ta ló yà á sọ́tọ̀. Èkíní, ohùn rẹ̀ ń jìnnà. Ó lè dún ní gbangba, ní ìta ọjà tàbí níwájú ààfin, láìsí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Èkejì, èémí ènìyàn ló ń mú un dún, nítorí náà gbogbo gbólóhùn orin gbọ́dọ̀ ní ibi tí a ti lè mí. Ẹ̀kẹta, ó sún mọ́ ohun tí àwọn baba wa mọ̀ ju fayolíìnì lọ. Ilẹ̀ Yorùbá mọ fèrè, ó mọ ìpè, ó sì mọ kàkàkí tí wọ́n ń fọn fún ọba. Ẹni tó bá ń fọn ìpè níwájú ọba kì í kàn ń pariwo. Oríkì ló ń fọn, ọba sì ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń sọ.

Ọmọ Èkìtì náà ti lo ohun èlò àfẹnufọn ìgbàlódé láti fi gbayì. Olóyè Victor Ọláìyá, tí a bí ní Calabar ní 31 Oṣù Kejìlá 1930, tó sì papò dà ní oṣù Kejì 2020, Ìjẹ̀ṣà-Iṣu ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Horn àti bombardon, tí í ṣe ìbátan tuba, ló kọ́kọ́ kọ́ ní kékeré kí trumpet tó di iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, kò sí ẹni tó yẹ kó sọ fún wa pé ohun èlò wọ̀nyí jẹ́ àjèjì sí wa. Ohun tó ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa ni orin tí a kọ sílẹ̀ ní tààrà fún wọn.

2. Ofala, 1963

Ẹni tí a gbọ́dọ̀ mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Samuel Akpabot. Ọmọ Ìbìbíò ni, láti ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Ọdún 1932 ni a bí i. Ó lọ sí King's College ní Èkó, ó sì kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin Cathedral Church of Christ lábẹ́ T. K. Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, ọ̀gá olórin tó kọ ìwé nípa orin Yorùbá ní 1953. Lẹ́yìn náà ló lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Royal College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ní 1963, ó kọ Ofala. Orin tó ń pìtàn láìlo ọ̀rọ̀ ni, fún ọ̀kẹ́sítírà onífèrè àti ohun èlò márùn-ún ti ilẹ̀ Áfíríkà. American Wind Symphony Orchestra ti ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà ló ní kó kọ ọ́. Robert Austin Boudreau ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1957, ó sì ní àṣà kan tí a kò gbọ́dọ̀ fojú fò: orí ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti máa ń ṣeré, tí àwọn ènìyàn á jókòó sí etí odò láti gbọ́ wọn. Dípò kí wọ́n máa tún orin àtijọ́ fọn, wọ́n ń bẹ àwọn akọ̀wé orin káàkiri ayé pé kí wọ́n kọ tuntun.

Kí ni Akpabot gbé kalẹ̀ fún wọn? Ofala ni orúkọ ọdún àwọn ọba Ígbò. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni ti Ọ̀nìchà. Ọba máa ń wọlé, kò ní jáde fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó bá jáde, tòun ti adé àti aṣọ oyè, àwọn ará ìlú á máa yọ̀, ọba náà á sì jó fún wọn. Ẹ wo bí ìtàn yìí ṣe bá ọ̀kẹ́sítírà onífèrè mu. Ọba ń jáde: ohùn ìpè. Ìlú ń yọ̀: gbogbo ẹgbẹ́ dún lẹ́ẹ̀kan náà. Ọba ń jó: agogo àti ìlù gba iwájú. Akpabot kò wá ohun èlò tí yóò bá èrò rẹ̀ mu kiri. Èrò tó bá ohun èlò náà mu ló wá.

Ẹ̀kọ́ kejì tún wà níbẹ̀. Ìbìbíò ni Akpabot, ọdún Ígbò ló sì fi kọ orin. Ìmísí kò ní kó jẹ́ ti agboolé ẹni nìkan, bí a bá ti fara balẹ̀ kọ́ ohun aládùúgbò wa dáadáa.

Kò dúró lórí ẹyọ kan. Ní 1965, ó kọ Cynthia's Lament fún adákọrin, ọ̀kẹ́sítírà onífèrè àti ohun èlò Áfíríkà mẹ́fà. Ní 1973, lẹ́yìn ogun abẹ́lé tó jà láti 1967 sí 1970, ó kọ Nigeria in Conflict fún ọ̀kẹ́sítírà onífèrè àti ohun èlò Áfíríkà mẹ́jọ. Ọdún ìdùnnú, ìdárò, ogun: nǹkan mẹ́ta tó yàtọ̀ síra gédégédé, ohun èlò kan náà ló gbé wọn. Márùn-ún, mẹ́fà, mẹ́jọ: ohun èlò ilẹ̀ wa ń pọ̀ sí i, kò dín kù.

3. Àwọn ará òkèèrè náà wo ẹ̀yìnkùlé wọn

Ó yẹ kí á mọ̀ pé àwọn orin tí a ń wò kọ yẹn, orin abúlé ló pọ̀ nínú wọn. Gustav Holst, ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ Second Suite rẹ̀ fún ẹgbẹ́ onífèrè ní 1911. Orin àwọn ará oko Hampshire ló fi kọ ọ́. Ralph Vaughan Williams kọ English Folk Song Suite ní 1923. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ibi tó ti wá.

Èyí tó lè kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ jù ni Lincolnshire Posy tí Percy Grainger, ọmọ Ọsirélíà, gbé jáde ní 1937. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, Grainger rìn káàkiri Lincolnshire, ó sì ń fi ẹ̀rọ gba ohùn àwọn àgbàlagbà tó mọ orin àtijọ́ sílẹ̀. Nígbà tó tó àkókò láti kọ ọ́ fún ẹgbẹ́ onífèrè, kò kọ ohùn orin nìkan. Ó kọ bí olórin ṣe ń fà á, ibi tó ti ń sáré, ibi tó ti ń dánu dúró. Orin mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, ó sì fẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ àwòrán ẹni tó kọ ọ́ sí i létí. Ní ibòmíràn, kò fi òṣùwọ̀n kankan sí i rárá. Adarí ni yóò máa juwọ́ bí ẹni pé òun gan-an ló ń kọrin.

Èyí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní Èkìtì, a ní àsamọ̀, a sì ní àwọn obìnrin alámọ̀. Ohùn wọn kì í tẹ̀lé ìlù ọ̀kan-èjì-ẹ̀ta-ẹ̀rin. Ọ̀rọ̀ ló ń darí rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀, tó wá há a mọ́ inú òṣùwọ̀n mẹ́rin-mẹ́rin, ara orin nìkan ló mú wálé. Ẹ̀mí rẹ̀ ti kù sọ́nà.

4. Ohùn Èkìtì: ohùn méjì tó ń rìn pọ̀

Bí a bá ń kọ orin ìbílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní ìhà Ọ̀yọ́, ohùn kan náà ni gbogbo ẹgbẹ́ máa ń mú. Ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ó yàtọ̀. Àwọn tó ń gbè á pín sí méjì: bí àwọn kan bá wà lórí so, àwọn kejì á wà lórí mi, bí ti àkọ́kọ́ bá sọ̀ kalẹ̀ sí fa, ti èkejì á sọ̀ kalẹ̀ sí re. Akin Euba, ògbóǹtarìgì akọ̀wé orin tó wà láyé láti 1935 sí 2020, kọ àpilẹ̀kọ ní 1967 lórí irú ohùn púpọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú orin ẹlẹ́gbẹ̀ Yorùbá. Kò sí òyìnbó tó kọ́ àwọn ìyá wa ní èyí.

Kí ló dé tó fi ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń kọ orin fún fèrè? Nítorí pé èdè wa ní ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Ìlù kì í ṣe ìlú. Bí trumpet bá gbé ìkejì ọ̀rọ̀ náà sókè, ìlù ti di ìlú nìyẹn. Ẹnìkan lè ní, "Ṣebí fèrè kò sọ ọ̀rọ̀, kí ló kan ohùn èdè?" Etí wa ni yóò dá a lóhùn. Etí tó ti ń gbọ́ dùndún láti kékeré máa ń wá ọ̀rọ̀ nínú ohunkóhun tó bá dún. Bí a bá fọn orin tí gbogbo ìlú mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ni wọn ó máa gbọ́, yálà ó tọ́ tàbí ó wọ́.

Ẹ jẹ́ kí á wá fi orin ìwé ìjọsìn tí a túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì wé ohùn Èkìtì. Nínú orin ìwé ìjọsìn, ohùn kan lè gòkè kí èkejì sọ̀ kalẹ̀ ní àkókò kan náà. Bí ohùn kan bá sọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa, èkejì ti sọ ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n nínú ohùn méjì ti Èkìtì, àwọn méjèèjì ń gòkè pọ̀, wọ́n sì ń sọ̀ pọ̀. Ohùn ń pọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ kò bàjẹ́. Ọgbọ́n ńlá nìyí, ó sì rọ clarinet méjì tàbí trumpet méjì lọ́rùn púpọ̀: kí ọ̀kan mú mi, fa, so, kí èkejì mú do, re, mi lábẹ́ rẹ̀.

5. Àpẹẹrẹ kan: omi Ọ̀ṣun láti Ìgèdè

Ìgèdè, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ̀pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn, ni a mọ̀ sí orísun odò Ọ̀ṣun. Láti ìhà wa níbí ni omi náà ti ń wá tó fi dé Òṣogbo, níbi tí igbó rẹ̀ ti di ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dọ̀ UNESCO ní 2005, tó sì ń bá a lọ títí tó fi wọ inú ọ̀sà ní ìhà Èkó. Gbogbo ayé mọ Ọ̀ṣun Òṣogbo. Ta ló ti fi ohùn fèrè sọ bí omi náà ṣe bẹ̀rẹ̀?

Ní 1874, Bedřich Smetana, ará ilẹ̀ Czech, kọ Vltava, orin nípa odò ńlá ilẹ̀ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orísun: flute ni ohùn omi àkọ́kọ́, clarinet ni ohùn omi kejì, àwọn méjèèjì dà pọ̀, odò wá ń fẹ̀ sí i títí tó fi kọjá ní olú-ìlú wọn. Fèrè ló fi ṣe orísun. Orísun tiwa ń bẹ nílé.

Ẹ jẹ́ kí á gbìyànjú. Ẹ pe orúkọ ìlú wa: Ìgèdè-Èkìtì. Sílébù mẹ́fà ni, gbogbo wọn ló sì wà ní ohùn ìsàlẹ̀: do do do, do do do. Ẹ fún tuba àti bassoon ní èyí, kí wọ́n máa tún un fọn jẹ́jẹ́. Ilẹ̀ ti wà tí omi yóò sun lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pe Ọ̀ṣun: ìsàlẹ̀, àárín, do re. Omi ń yọ. Ẹ fún flute kan. Kí ẹ wá kọ gbólóhùn kan lé e: "Omi tútù ń ṣàn láti Ìgèdè." Ohùn rẹ̀ nìyí: re re, mi do, mi, do, mi re, do do do. Clarinet kan ni kó kọ́kọ́ mú un, kí èkejì wá bá a rìn ní ọ̀nà ti Èkìtì.

A kò ní láti dúró lórí do, re àti mi nìkan. Ohun tí èdè ń bèèrè ni pé kí ohùn gòkè níbi tó yẹ kó gòkè, kó sì sọ̀ níbi tó yẹ kó sọ̀. Bó ṣe máa gòkè tó, ọwọ́ akọ̀wé orin ló wà. Bí ẹ bá ti ní èyí, ẹ ti ní ohun èlò ìkọ́lé fún ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún. Ilẹ̀, omi, ìrìn omi, ìlú tó pàdé lọ́nà. Kò sí ibi kankan tí a ti wo máàṣì sójà.

6. Iṣẹ́ ọwọ́

Ìmísí nìkan kì í kọ orin. Ẹ má gbàgbé nǹkan wọ̀nyí:

Èémí. Ẹ fi ẹnu yín kọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ẹ bá ti mí ni ẹni tó ń fọn fèrè yóò ti mí. Ẹni tó ń fọn tuba máa ń tètè tán èémí ju oníclarinet lọ, nítorí náà ẹ pín ohùn ìsàlẹ̀ wa yẹn láàárín ènìyàn méjì.

Lílé àti ègbè. Ètè àwọn onítrumpet máa ń rẹ̀. Àṣà lílé àti ègbè tiwa ti yanjú èyí láti ọjọ́ pípẹ́: bí ẹnìkan bá ń lé, àwọn yòókù ń sinmi, bí wọ́n bá ń gbè, òun náà ń sinmi. Ẹ fi lílé fún oboe tàbí trumpet kan, kí ẹ fi ègbè fún ọ̀pọ̀.

Ohùn tó ń bo ohùn. Flute kò lágbára nísàlẹ̀. Bí trombone mẹ́ta bá ń dún nígbà tí flute ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀, àsọdànù ló ń sọ. Ẹ gbé e sókè, tàbí kí ẹ pa àwọn yòókù lẹ́nu mọ́.

Ìwé orin olúkúlùkù. Ibí yìí ni máàkì wa ti máa ń ṣòfò. Bí a bá fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ dún ní C, D ni a ó kọ fún clarinet àti trumpet oní-B♭; G ni a ó kọ fún horn oní-F; A ni a ó kọ fún alto saxophone oní-E♭. C náà ni a ó kọ fún flute, oboe, trombone àti tuba.

Ìlù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí agogo jẹ́ ẹ̀ṣọ́ tí a kàn fi lé orin ní ìparí. Kí ohun tí agogo ń sọ wà níbẹ̀ láti òṣùwọ̀n àkọ́kọ́, kí fèrè máa rìn lórí rẹ̀.

7. Ohun tó kù fún wa láti ṣe

Ọdún Ùdírókò wà ní Adó, Olósùnta wà ní Ìkẹ́rẹ́, ọdún Ògún wà ní Ìrè. Orin kún inú gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ orin yẹn kò sí nínú ìwé kankan. Orí àwọn ìyá àgbà ni ó wà, ẹni tó mọ̀ ọ́n kò sì pọ̀ sí i. Ní ọwọ́ kejì, àwọn ọ̀dọ́ tó mọ trumpet àti saxophone fọn kún ṣọ́ọ̀ṣì wa. Orin òyìnbó tí a túmọ̀ ni wọ́n ń fọn lọ́jọ́ Ìsinmi, nítorí pé òun ló wà níwájú wọn. Àwọn tó mọ orin wà, àwọn tó mọ fèrè fọn wà. Ẹni tó yẹ kó dúró sáàárín wọn pẹ̀lú bébà àti gègé ni àwa. Bí a kò bá dúró síbẹ̀, apá kan yóò kú mọ́ orin rẹ̀, apá kejì yóò sì gbó sínú orin ẹlòmíràn.

Ẹgbẹ́ kan ní Pittsburgh ló ní kí Akpabot kọ Ofala. Ẹ má jẹ́ kí á dúró de ẹni tí yóò ránṣẹ́ sí wa láti òkè òkun. Ẹgbẹ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, tó ní trumpet méjì, trombone kan, saxophone kan àti ìlù méjì, ó tó láti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n lè fọn ni kí ẹ kọ fún wọn. Ẹgbẹ́ ńlá lè dé lẹ́yìn náà.

Bí ẹ bá fẹ́ gba orin sílẹ̀ lẹ́nu àgbà, ẹ kọ́kọ́ kúnlẹ̀, ẹ tọrọ àyè. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n máa ń kọ ọ́ àti ẹni tó ní in. Orin mìíràn wà tí kì í ṣe fún ìta, bí wọ́n bá sì ní kí ẹ fi sílẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ fún yín sí orí ìwé orin yín, bí onítọ̀hún bá fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Fún ìdánrawò:

(i) Ẹ kọ orúkọ ìlú yín sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ sọ ọ́ di do, re, mi. Ohun èlò wo ló yẹ ẹ́, kí sì nìdí?

(ii) Ẹ mú gbólóhùn kan láti inú oríkì ilé yín, kí ẹ kọ ọ́ fún clarinet méjì ní ọ̀nà ti Èkìtì. Ẹ fọn ún fún ẹnìkan nílé láìsọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ǹjẹ́ ó gbọ́ ohun tí ẹ sọ?

(iii) Ẹ tún gbólóhùn kan náà kọ kí ohùn kejì máa sọ̀ nígbà tí ti àkọ́kọ́ ń gòkè. Ẹ sọ ohun tó bàjẹ́.

Ẹni tó bá ṣe èkejì, tí ìyá rẹ̀ sì gbọ́ oríkì ara rẹ̀ lẹ́nu fèrè tó dáhùn, kò ní wá ibi tí ìmísí ti ń wá mọ́.